Ogun Orí Tábìlì: Ẹṣin Ọ̀yọ́, Igbó Ìjẹ̀ṣà àti Dáìsì Lúdò

Ní alẹ́ Sátidé kan ní Ẹdúnàbọ̀n, iná ti lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mẹ́ta yí tábìlì ká, a sì pa ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìjẹ̀ṣà run ráúráú láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ìdérí ìgò mínírà ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́. Ẹ̀wà pupa ni àwọn tafàtafà Ìjẹ̀ṣà. Fóòmù tí a gé wẹ́wẹ́ ni igbó, aṣọ àlòkù ni ilẹ̀, dáìsì méjì tí a yọ nínú Lúdò ló sì ń sọ ẹni tó yè àti ẹni tó kú. Ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Iléṣà, tí ẹ̀wà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, wo tábìlì títí, ó mi orí, ó ní: "Irọ́ lèyí. Ọ̀yọ́ ò ṣẹ́gun wa báyìí rí."

A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sídìí ìwé, òun ló jàre. Ibi tí eré ti yàtọ̀ sí ìtàn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìtàn tí mo rò pé mo mọ̀, orúkọ àwọn ọba lásán ni mo mọ̀ nínú rẹ̀.

Irú eré wo nìyí?

Eré ogun orí tábìlì kì í ṣe eré ọmọdé nílẹ̀ àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1824, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Reisswitz ní ilẹ̀ Prussia, tó ti di ara Jámánì báyìí, gbé òfin eré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Kriegsspiel, wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun bí a ṣe ń darí ogun láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kékeré kan jáde, Little Wars, tó fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi ọmọlangidi ológun jagun lórí ilẹ̀ pálọ̀. Láti ìgbà náà ni eré yìí ti di ohun tí àgbàlagbà ń ṣe. Wọ́n á ra ère kéékèèké, tí púpọ̀ nínú wọn kò ga ju mílímítà 28 lọ, wọ́n á kùn wọ́n ní ọ̀dà, wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì tí wọ́n ti ṣe òkè àti odò sí, wọ́n á sì ju dáìsì.

Ọ̀kan nínú sáà tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Renaissance, láti nǹkan bí ọdún 1400 sí 1600, àwọn mìíràn á nà án dé 1700. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ gígùn, ẹṣin onírin àti ìbọn tuntun pàdé lójú ogun kan náà. Nínú òfin tí a wà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará Ítálì wà níbẹ̀, àwọn ará Sípéènì, àwọn ará Switzerland àti Túrkì. A wá orúkọ ìlú wa kan ṣoṣo, a ò rí i.

Bẹ́ẹ̀, ogun wà níhìn-ín ní ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1494 tí ọba ilẹ̀ Faransé kó àgbá wọ Ítálì, Ọ̀yọ́-Ilé wà, Ìjẹ̀bú wà, Ìbíní wà. Ní nǹkan bí 1505 sí 1508, atukọ̀ ará Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, ń kọ ìwé rẹ̀ nípa etíkun Áfíríkà. Ó dárúkọ ìlú ńlá kan tó pè ní "Geebuu", tí yàrà ńlá yí ká, ó ní ọba ibẹ̀ ń jẹ́ "Agusale". Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀: Ìjẹ̀bú ni, Awùjalẹ̀ sì ni. Ní nǹkan bí 1535, àwọn Tápà fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin Onígbogí sá, àwọn Aláàfin tó tẹ̀ lé e sì di ìsáǹsá tó fi Ìgbòho ṣe ibùjókòó, títí Àbípa fi kó wọn padà sílé ní nǹkan bí 1610. Gbogbo èyí bọ́ sínú sáà tí òfin eré wa sọ pé òun ń bójú tó. Ni a bá pinnu pé a ó fi tiwa kún un.

Ẹṣin kì í gba inú ẹgàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àṣìṣe wa àkọ́kọ́ wà. Nínú òfin náà, ẹlẹ́ṣin ń rin sẹ̀ǹtímítà 24 lórí pápá, 12 nínú igbó. Bí ó bá ti lè dé ọ̀dọ̀ tafàtafà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Igbó ilẹ̀ Yúróòpù ni ẹni tó kọ òfin yìí ní lọ́kàn, níbi tí igi kan jìnnà sí èkejì. Kò rí ẹgàn rí.

Ọ̀yọ́ ní ẹṣin lóòótọ́. Nínú ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson gbà sílẹ̀, tó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ tó jọba ní Ìgbòho jẹ́ ọ̀jáfáfá nínú ètò ogun. Ẹlẹ́ṣin 1,000 àti ẹlẹ́sẹ̀ 1,000 ló fi ń ṣọ́ ẹ̀yìn ogun rẹ̀. Wọ́n sì ń so ewé fẹ̀ǹfẹ̀ mọ́ ìrù ẹṣin, kí ó lè máa gbá ipa ẹsẹ̀ wọn rẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ. Iye yẹn lè jẹ́ àbùlà ẹnu àwọn arọ́kin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe kedere: ẹni tí Tápà ti lé kúrò nílé kọ́gbọ́n, ó gbé ẹṣin ka iwájú, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń pa ogun tó ń padà bọ̀ wálé.

Ṣùgbọ́n láti òkè ni ẹṣin ti ń wá. Ọ̀yọ́ kò lè sìn wọ́n tó bó ṣe ń fẹ́ nílé, nítorí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri máa ń pa wọ́n, bí a bá sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó tó ni ikú wọn ń yá tó. Rírà ni wọ́n ń ra ẹṣin, kò sì yẹ kí a bo ohun tí wọ́n fi ń rà á mọ́lẹ̀: lára owó ẹṣin, èèyàn ni. Ẹrú tó bá ti ojú ogun bọ̀ ń di ẹṣin, ẹṣin náà a sì lọ kó ẹrú mìíràn wá. Lórí tábìlì, ìdérí ìgò lásán ni. Nínú ìtàn, ìdérí kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ẹlòmíràn nínú.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Ọ̀yọ́-Ilé ni Aláàfin Ọbalókun jọba. Johnson ní ìgbà tirẹ̀ ni iyọ̀ òyìnbó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Òun náà ló rán ogun lọ sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ba ní ibùba, wọ́n sì ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ níṣẹ̀ẹ́gun tó burú, nítorí Ọ̀yọ́ kò mọ bí a ṣe ń jagun inú igbó. Ogun tí a pa ní àpajẹ lórí tábìlì nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó kú níbi tiwa kọ́ ló kú níbi tiwọn.

A wá jókòó, a tún òfin kọ. Ẹṣin kò gbọdọ̀ wọ ẹgàn àfi lójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà kò sì gbà ju ìdérí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀wà tó bá wà nínú fóòmù, a kò ní gbé e sórí tábìlì. Ẹni tó ni ín yóò kọ ibi tó wà sórí bébà, yóò ká a, yóò sì fi í sápò títí ọ̀tá yóò fi dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. A tún ogun náà jà ní Sátidé kejì. Ọmọ Iléṣà jẹ́ kí ìdérí mẹ́fà to tẹ̀lé ara wọn wọ ojú ọ̀nà, ó yọ bébà rẹ̀ jáde, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀tún, láti òsì, láti ẹ̀yìn. Kò sí èyí tó padà sílé nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ẹ wo ilẹ̀ tó yí wa ká. Bí ẹ bá ti Ifẹ̀ bọ̀ wá sí Ẹdúnàbọ̀n, kòkó, ọ̀pẹ àti obì lẹ máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ igbó ni. Ní nǹkan bí 1840, òṣogbo tí kò jìnnà sí wa ni ọmọ ogun Ìbàdàn ti fọ́ ogun Ìlọrin, tí ẹṣin jẹ́ agbára rẹ̀, ogun Ìlọrin kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Igba ọdún ló wà láàárín Ọbalókun àti ogun Òṣogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Mo ti ka ìtàn méjèèjì ní sẹ́kọ́ńdìrì, olúkúlùkù ní orí tirẹ̀. Mi ò so wọ́n pọ̀ rí àfi ọjọ́ tí mo rí ìdérí ìgò tó há sáàárín fóòmù.

Oyè kì í bá ẹni kú

Òfin mìíràn wà tó dà wá láàmú. Nínú ìwé eré náà, bí olórí ogun bá kú, gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ á ju dáìsì. Bí nọ́ńbà bá kéré, wọ́n á sá. Ó bọ́gbọ́n mu níbi tí ọmọ ogun bá jẹ́ agbàṣe tó ń bá ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní Ítálì nígbà náà.

Ẹ wá gbọ́ ti ogun Ìlàyì, lábẹ́ Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ kan náà. Gbọ̀ńkáà ni olórí tó ṣíwájú ogun. Ó ṣubú. Lójú ogun níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹlòmíràn joyè Gbọ̀ńkáà. Òun náà ṣubú. Wọ́n tún fi ẹlòmíràn jẹ. Gbọ̀ńkáà mẹ́ta ló lọ sí ogun kan ṣoṣo yẹn, ogun kò sì tú. Bí a bá fi òfin Ítálì gbá a, Ọ̀yọ́ ì bá ti sá lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé kì í ṣe ọkùnrin tó wà lórí ẹṣin, oyè ni. Ọkùnrin lè kú, oyè ò kú.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀mí olórí kò jẹ́ nǹkan kan. Ní ìgbà Aláàfin Àjàgbó, lẹ́yìn Ọbalókun, ni oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò bẹ̀rẹ̀. Òfin tó de Kakaǹfò le: bó bá jáde lọ sógun, láàárín oṣù mẹ́ta kó ṣẹ́gun wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. A fi èyí náà sínú eré: ìpele mẹ́sàn-án, ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ìpele mẹ́sàn-án bá parí tí ìlú kò tíì ṣubú, olórí Ọ̀yọ́ ti pàdánù, ì báà jẹ́ pé kò kú èèyàn kan. Ẹ ò lè mọ bí òfin kékeré yẹn ṣe yí ìwà padà. Ẹni tó ń ṣe Kakaǹfò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń ti ẹṣin sínú igbó tó mọ̀ pé kò yẹ kí ó tì wọ́n sí. Ìgbà yẹn ni mo tó lóye pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìwà òmùgọ̀ nínú ìtàn, ẹni tí àkókò ń lé ló hù ú.

Ìbọn tó pẹ́ kó tó dé

Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ìbọn. Renaissance ni, ó ní, àìsí ìbọn ò pé. A sọ fún un pé kó mú Ìbíní.

Àwọn Potogí ti ń bá Ìbíní ṣòwò kí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí. Ní 1514, Ọba Ìbíní rán ikọ̀ lọ bá Ọba Manuel ní Lisbon, ó ń béèrè àlùfáà àti ohun ìjà. Manuel fèsì pé òun ń fi àlùfáà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun ìjà dọ̀la, bí Ọba bá ti di Kìrìsìtẹ́nì tòótọ́. Àwọn àlùfáà dé, wọ́n bá Ọba lẹ́nu ogun, ó sì kó wọn dání lọ. Ọdún kan ni wọ́n lò lójú ogun kí wọ́n tó padà sílé, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí Duarte Pires kọ ní oṣù kẹwàá 1516 ti wí. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ogun Ìdàh ni. Ìbíní ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbàágbèje ìbọn ló fi ṣẹ́gun, nítorí ẹni tó ni ìbọn kò fẹ́ tà á.

Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí ìbọn tó di ohun ìjà tó ń pinnu ogun. Ìbọn tí Ìjẹ̀bú gbé lọ sí ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820 wà lára àwọn tó yí ayé padà. Nítorí náà a fún ọ̀rẹ́ wa ní ẹyọ Potogí méjì péré. Ariwo wọn pọ̀, ẹṣin ń ta, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́ta ni wọ́n fi ń ki ìbọn kan. Inú bí i. A ní kó lọ bá Manuel.

Ère tí a ti ń ṣe tipẹ́

Ẹnì kan lè ní àṣà òyìnbó ni kí àgbà máa fi ère kéékèèké ṣe ogun. Ó dára. Ẹ lọ wo ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ìbíní ń ṣe ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwo idẹ tó lé ní 900, tí púpọ̀ nínú wọn fi jagunjagun hàn pẹ̀lú idà, apata àti ṣaworo lọ́rùn. Wọ́n rọ ère Potogí kan pẹ̀lú, ó dìbọn mú, ó di ojú ogun. Ilé Ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ní London ló wà. Ní 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin kúrò ní Ìbíní. Ifẹ̀ tiwa ti ń rọ idẹ ṣáájú ìyẹn. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ti wà kí Potogí àkọ́kọ́ tó rí etíkun wa.

Ọpọ́n Ifá kan sì wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Láti Àládà, ní ilẹ̀ Benin òní, ni wọ́n ti gbé e lọ, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Weickmann ní 1659. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù láyé. Ère èèyàn àti ẹranko kéékèèké ló yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí wọ́n ń rọ ọmọlangidi ológun ní Yúróòpù, àwọn ọlọ́nà ìhà ibí ti ń kó gbogbo ayé sórí pátákó kan, títí kan àlejò tó gbé ìbọn wá.

Ogun tí a kì í fi ṣeré

Ìyá onílé wa ló bá wa lórí eré ní Sátidé kẹta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀wà àti ìdérí.

"Kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Ogun ni, Màmá," ni mo wí. "Eré ni, ṣá."

"Ogun ta ni?"

"Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà, Màmá. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Kò burú. Ẹ má ṣáà pe orúkọ ibi kankan tó wà nítòsí sí i." Ó yí padà, ó lọ.

Gbogbo wa mọ ohun tí ó ń sọ. Ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ti ọdún 1997 sí 2000 kò tíì di ìtàn fún ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n sá lóru. Wọ́n ti jà ní 1981 àti 1983 náà, gbòǹgbò rẹ̀ sì padà sẹ́yìn dé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn tó sá wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá tẹ̀dó sáàárín Ifẹ̀. A kọ òfin kan sí orí ìwé wa lálẹ́ ọjọ́ náà, òun sì ni àkọ́kọ́ báyìí: ogun tí ẹni tó wà láàyè bá lè sunkún nítorí rẹ̀, a kò ní gbé e sórí tábìlì.

Òfin kejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà kan dúró fún àádọ́ta èèyàn. Nígbà tí eré bá parí, kí a tó kó nǹkan kúrò, ẹni tó ṣẹ́gun gbọ́dọ̀ ka òkú ìhà méjèèjì sókè. Ní Sátidé yẹn, ẹ̀wà 23 ló kú. Ọmọ Iléṣà ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù: 1,150. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin tó ti jáde ní yunifásítì kò ju èyí lọ. Wọ́n kọ́ wa ní ìtàn bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀: Onígbogí, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, Àbípa, Ọbalókun. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá ní láti kọ òfin fún ogun kan kò lè há a sórí. Yóò béèrè bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, ta ló ni ẹṣin, kí ni wọ́n fi rà á, ọjọ́ mélòó ni olórí ní, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó kú. Ìbéèrè wọ̀nyẹn ni ìtàn gan-an.

Iṣẹ́ ṣì kù. A kò tíì mọ bí a ó ṣe kọ òfin oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ogun Tápà ń dúró dè wá pẹ̀lú Odò Ọya àti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, Ẹdúnàbọ̀n kò jìnnà. Ẹ mú ẹ̀wà tiyín dání.